Ojú Ìka Nínú Ìpara

Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé yàrá Alhaji Sàláúdéènì ló tutù jù ní agboolé wọn ní Bẹyẹrúnká. Ara ilé àtijọ́ ni, èyí tí baba baba wọn fi amọ̀ mọ, tí ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ènìyàn lè gbé odindi àwo ìjẹun sójú fèrèsé kí ó má já bọ́. Búlọ́ọ̀kù àti páànù ni wọ́n fi kọ́ àwọn yàrá yòókù, bí ó bá sì di ọ̀sán, ẹni tó wà nínú wọn á máa hó bí ẹ̀kọ. Nítorí náà, nígbà tí Ràbíátù ìyàwó Alhaji ń wá ibi tí yóò kó àwọn ìpara irun rẹ̀ sí, kò wá a jìnnà. Yàrá ọkọ ló kó wọn lọ. Ọkọ sún aṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ti bàtà rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, ó sì yọ̀ǹda pẹpẹ òkè, tí í ṣe ibùgbé fìlà, fún ṣáńpù.

Kò tán síbẹ̀. Ràbíátù kà á lára ìgò kan pé oòrùn àti ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá ìpara, ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn ni kí wọ́n máa gbé. Láti ọjọ́ náà ni fèrèsé yàrá Alhaji kò ti ṣí mọ́. Alhaji sanra díẹ̀, aṣọ ló sì ń tà ní Gbági. Bí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, a bọ́ agbádá, a jókòó sétí ibùsùn, òógùn a sì máa ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

"Ràbí, ṣé kí n ṣí fèrèsé yìí díẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji. Ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?"

Alhaji a mú abẹ̀bẹ̀. Àwọn ìpara a máa sinmi nínú òkùnkùn bí ọmọ ọba tó ń sun oorun ọ̀sán, ẹni tó fi owó rẹ̀ rà wọ́n a sì máa fẹ́ ara rẹ̀.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́ o: Ràbíátù kì í ṣe obìnrin burúkú. Irun ló ní. Irun tó dú, tó ki, tó ń kan èjìká bí wọ́n bá tú u, ó sì mọ̀ pé òun ní i. Abẹ́ híjáàbù ni irun náà ń gbé, kò sí ẹni tó ń rí i ju ọkọ rẹ̀ àti Mujeebat, àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe irun ní Bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí Ràbíátù ṣe ń tọ́jú rẹ̀, ẹ óò rò pé gbogbo Ìbàdàn ń bọ̀ wá wò ó lọ́la.

Òfin rẹ̀ le. Ìka tó tutù kò gbọdọ̀ wọ inú ìpara, nítorí omi ló ń mú un bu. Ṣíbí kékeré kan wà tó fi ń bù ú, bí ẹni ń bu oògùn ikọ́ fún ọmọ ọwọ́, débi pé ọdún á yí po, èyí tó ń lò kò ní í tíì dé ìdajì. Èyí tí kò bá tíì ṣí, ó di ọjọ́ tó bá dára. Ọjọ́ tó dára yìí, ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí yóò jẹ́. Iléyá dé, ó lọ. Wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ, wọ́n ṣe wólímọ̀. Kò sí èyí tó dára tó lójú Ràbíátù.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ ọba wọn. Ìrìn àjò ni Alhaji ti rà á bọ̀: ìkòkò ìpara róbótó kan tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ wúrà, tí wọ́n ya obìnrin kan tí irun rẹ̀ dé ìbàdí sí lára. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ya ìkòkò kékeré mìíràn tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n sì kọ 12M sínú rẹ̀. Ràbíátù rò pé mílíọ̀nù méjìlá ni, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Alhaji fẹ́ràn nǹkan tó bá ń fẹ́ àlàyé. Ó wú ikọ́.

"Oṣù méjìlá ni. Ọjọ́ tí o bá ṣí i ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Bí ọdún bá ti yí po, ó ti kú nìyẹn."

Ohun tí Alhaji ń sọ ni pé kí ó ṣí i, kí ó sì jayé rẹ̀. Ohun tí Ràbíátù gbọ́ ni pé bí òun kò bá ṣí i, kò ní í kú. Ó gbé e sí kọ̀rọ̀ pẹpẹ lọ́hùn-ún, níbi tó tutù jù.

Láti ìgbà náà, bí Alhaji bá ti Jímọ̀ dé, a jókòó, a fa imú bí ẹni tó ń wá nǹkan.

"Ràbí, ṣé o ti ṣí i?"

"Ó di ọjọ́ tó bá dára, Alhaji."

"Wọ́n ní bí òdòdó róòsì ló ń rùn. Ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi búra. O sì mọ̀ mí, kò sí ọlọ́jà tó lè rẹ́ mi jẹ."

"Ẹ ṣáà fara balẹ̀."

Alhaji fara balẹ̀. Ó fara balẹ̀ títí tó fi kú.

Ọjọ́ Àtàláátà kan ni, ní òwúrọ̀, ní Gbági. Ó ń ṣàlàyé fún oníbàárà kan lọ́wọ́ pé aṣọ náà kò ní í ṣá láéláé, ó fi ọwọ́ ti àyà, ó sì jókòó lórí òkìtì aṣọ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín.

Ràbíátù wọ takaba. Ẹ mọ bó ṣe rí: opó kò ní í kun àtíkè, kò ní í wọ aṣọ tó ń dán, kò ní í lọ òde àríyá, òórùn dídùn kò sì gbọdọ̀ kan ara rẹ̀ títí tí yóò fi jáde. Ó jókòó sórí ẹní nínú yàrá páànù, ó fi gèlè dúdú wé orí, àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Kò sunkún. Gbogbo ara rẹ̀ kú tipiri, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn fi jókòó lé lórí fún ìgbà pípẹ́. Bí wọ́n bá kí i, ó ń dáhùn. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, ó ń jẹ ẹ́, kò sì mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí.

"Ẹ wo ojú ẹ̀," obìnrin kan wí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó gbẹ. Irú ọkọ báyìí!"

Ràbíátù gbọ́. Kò dùn ún. Ó kàn ronú pé bóyá lóòótọ́ ni ẹkún náà wà níbì kan, lórí pẹpẹ kan, tí òun ti gbé e pamọ́ de ọjọ́ tó bá dára.

Ohun kan ṣoṣo ló ń rìn lọ́kàn rẹ̀: ìkòkò onídèérí wúrà. Kò lè fi í para. Kò fẹ́ fi í para. Ó kàn fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ òun, kí òun ṣí i, kí òun mọ ohun tí Alhaji fi gbogbo Jímọ̀ fa imú sí tí kò sì rí. Ṣùgbọ́n Jubril, àbúrò Alhaji ọkùnrin, ti fi àgádágodo ti yàrá náà láti ọjọ́ ìsìnkú, bí wọ́n ti ń ti yàrá ẹni tó bá kú títí wọn yóò fi pín ogún. Lọ́sàn-án, bí páànù bá ń dún lórí Ràbíátù nítorí oòrùn, ó máa ń rò ó pé ó dára tí yàrá ọ̀hún tutù.

Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, wọ́n ṣí yàrá náà láti pín ogún. Alfa Abdulmumin, tó ń darí ìpín, jókòó sórí àga. Ọlọ́run kò fún Alhaji lọ́mọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ kò ṣòro: ìyàwó yóò mú ìdá kan nínú mẹ́rin, àbúrò ọkùnrin àti àbúrò obìnrin yóò pín ìyókù, ọkùnrin yóò mú ìlọ́po méjì ti obìnrin. Wọ́n pín agbádá. Wọ́n pín bàtà. Wọ́n pín fìlà, Jubril sì dé ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, nítorí orí rẹ̀ pá kanrin, kì í sì fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i níṣojú àlejò. Irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú ju bó ti yẹ lọ fún ẹni ọjọ́ orí rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í ní ìdí.

Alfa gbójú sókè sí pẹpẹ.

"Kí ni ìwọ̀nyí?"

"Ìpara irun ni, Alfa," Mujeebat dáhùn kíá. Ojú rẹ̀ ti ń ka ìgò láti ìgbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí. "Ṣáńpù, kọndíṣọ́nà, òróró, oríṣiríṣi."

"Ti ta ni?"

"Tèmi ni, sà," Ràbíátù wí.

"Ta ló rà wọ́n?"

"Alhaji ni."

"Ó fi ta yín lọ́rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ gbà á?"

"Mo gbà á, sà."

"Ẹ sì gbé e síbo?"

Ràbíátù wo pẹpẹ. "Ibí náà ni. Yàrá tèmi gbóná."

Alfa fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ọn. "Ìyá wa, ẹ gbọ́. Bí ènìyàn bá ta ọ̀rẹ, tí ẹni tí a ta lọ́rẹ kò mú un kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fún un, tí kò lò ó, tí oníǹkan sì kú, ó ti di ogún. Yàrá Alhaji ló wà, pẹpẹ rẹ̀ ló wà. Ọwọ́ rẹ̀ náà ló ṣì wà."

"Ṣùgbọ́n mo ń lò ó, Alfa."

"Èyí tí ẹ bá ń lò, tiyín ni. Ẹ jẹ́ ká ṣí wọn wò. Èyí tí ojú ìka bá wà nínú rẹ̀, kò ní í bá wa wọ ìpín."

Ràbíátù fẹ́ sọ pé ṣíbí ni òun ń lò, kì í ṣe ìka. Ó wá rò ó pé kò wúlò.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Alfa gbé awò sójú, ó ń ṣí ìdérí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yọjú wo inú wọn bí dókítà tó ń wo ọ̀fun aláìsàn. Mujeebat ló ń gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń gbóòórùn rẹ̀ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ. Èyí tí Ràbíátù ti ṣí, ó ti pẹ́ tó ti ṣí i. Omi ti léfòó lórí òmíràn, òróró òmíràn ti dúdú, òmíràn ti hu funfun.

"Eléyìí ti kú," Mujeebat wí. "Eléyìí náà ti kú. Ha, eléyìí ti kú tipẹ́tipẹ́, ó kù ká sin ín—" Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni."

"Kò burú, Àǹtí."

Gbogbo èyí tó ti kú, wọ́n kó wọn síwájú Ràbíátù. Tirẹ̀ ni. Èyí tí ìdè rẹ̀ kò tíì já, tó mọ́ tónítóní, tó ń dán, tí Ràbíátù ti fi òógùn ọkọ tọ́jú, wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ fún ìpín. Mujeebat ń tò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń yá.

Jubril ló kọ́kọ́ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìgò lọ wo ìgò bọ̀, ó sì na ọwọ́ sí ìkòkò onídèérí wúrà. Ó wo obìnrin tí irun rẹ̀ dé ìbàdí.

"Mújí, eléyìí, ṣé ó ń hu irun?"

"Bọ̀dá, ó kéré tán, irun gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kó tó mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè, o ń bú mi."

"Bọ̀dá Jubril." Ràbíátù ló sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn yíjú, nítorí kò tíì dá ọ̀rọ̀ sọ fúnra rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

"Èyí?" Jubril gbé e sókè. "Ìyàwó, takaba lo wà. Kí lo fẹ́ fi ṣe? Olóòórùn ni."

"Mo mọ̀. Ẹ fún mi."

"Kò tíì kan ìpín tìrẹ."

"Ẹ kó gbogbo ìpín tèmi nínú ìgò wọ̀nyí. Ẹ kó o, ẹ̀yin àti Àǹtí. Ẹ fún mi ní ìyẹn nìkan."

Ibẹ̀ ló ti ṣì í ṣe. Ìkòkò tí Jubril ì bá gbàgbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó di ọ̀la di nǹkan ńlá lójú ẹsẹ̀. Ó dì í mú ṣinṣin. Mujeebat fi òróró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn.

"Gbogbo ìyókù?" ni Mujeebat wí. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n wò ó."

"Kí lo fẹ́ wò? Èmi ni mo mú un."

"Ẹ kò lè dá a mọ̀. Iṣẹ́ mi ni. Bóyá ojúlówó ni."

"Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, kì í tún ṣe tèmi ni?"

"Ẹ rọra," Alfa wí. "Ìpara ni."

"Alfa, ẹ wò ó dáadáa. Ènìyàn kì í ṣàdédé fi odindi pẹpẹ gba ìkòkò kan." Jubril fi èékánná já ìdè rẹ̀. Ó yí ìdérí.

Ràbíátù gbé orí sókè. Láìmọ̀, ó fa imú.

Òórùn náà jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó kún yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí. Òórùn àdí àtijọ́ ni, àti ti epo tí wọ́n ti fi dín nǹkan lọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n gbàgbé sínú agbada. Omi pípọ́n kan léfòó lórí rẹ̀. Jubril ti ki ìka bọ̀ ọ́ kí imú rẹ̀ tó sọ fún un. Ó fa ìka náà yọ, ó nà án síwájú bí ìka ẹlòmíràn, kò mọ ibi tí yóò nù ún sí.

"Ó ti kú," Mujeebat wí jẹ́jẹ́, kò sì bo ẹnu lọ́tẹ̀ yìí.

Níta, ọkọ̀ kan fun fèrè lọ sápá Mapó.

"Gbà, ìyàwó," Jubril wí. Ó gbé ìkòkò náà síwájú Ràbíátù, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ògiri. "Mú un. Mi ò bá ọ jà sí i."

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá."

Mujeebat ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìgò sínú báàgì. Nígbà tó dé ibi tí ìpín Ràbíátù yẹ kó wà, ó dúró díẹ̀, ó wo ojú Alfa. Alfa ń wo ilẹ̀.

"Òun ló kúkú ní ká kó o," ni Mujeebat wí, ó sì kó o.

Alfa Abdulmumin dìde. Ní ẹnu ọ̀nà, ó dúró, bí ẹni tó ń wá ohun rere kan sọ. "Ìyá wa, ohun tó ń rùn dídùn ni takaba kọ̀. Eléyìí... kò sí ẹni tó lè sọ pé ó ń rùn dídùn mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi í pa orí, mi ò rí ohun tó dí i."

"Ẹ ṣé, sà."

Wọ́n lọ. Wọ́n ní kí Ràbíátù máa lo yàrá náà títí yóò fi jáde takaba, nítorí ó tutù. Ó jókòó sétí ibùsùn, níbi tí Alhaji máa ń jókòó sí. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Yàrá náà kò tutù tó bó ti rò. Kò tíì jókòó pẹ́ níbẹ̀ rí, ó ń kó ìpara wọlé ni, ó ń kó o jáde ni.

Ó gbé ìkòkò náà lé itan. Òróró láti ọwọ́ Jubril ti ta sí ìdí rẹ̀, sítíkà tí ọlọ́jà kọ iye owó sí ti ń ṣí kúrò. Ó fi èékánná gbé e. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ ọjọ́ tí ìpara náà yóò kú sí, oṣù àti ọdún. Ràbíátù kà á. Ó tún un kà. Ọdún tó ṣáájú ọdún tí Alhaji rà á ni. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí ló ti kú. Òkú ni òun ń gbé sí ibi tó tutù, òkú ni òun ti fèrèsé nítorí rẹ̀, ọlọ́jà kan sì ti rẹ́ Alhaji Sàláúdéènì ti Gbági jẹ, ẹni tí ọlọ́jà kankan kò lè rẹ́ jẹ.

Ó dúró de ohun tí ara rẹ̀ yóò ṣe. Ara rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Ó tu itọ́ sí orí ìka, ó fi ra ẹ̀yìn sítíkà náà, ó sì lẹ̀ ẹ́ padà síbi tó wà. Ó tẹ̀ ẹ́ yíká kí etí rẹ̀ má ṣe gbé sókè. Lẹ́yìn náà, kò wá ṣíbí. Ìka kan náà, tó ṣì tutù, ló tì bọ inú ìpara, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìka Jubril. Ó tú gèlè dúdú, ó la irun rẹ̀ láàárín, ó sì fi pa á láti iwájú orí títí dé ìpàkọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ó ti yẹ kí ènìyàn ṣe é.

Òórùn náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Jubril ń kọjá lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró.

"Ìyàwó! Ó mà le o. Fèrèsé yẹn, ṣé o ti ṣí i?"

Ràbíátù dìde. Ìkọ́ fèrèsé ti dípẹtà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú títí tó fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó bà lé pẹpẹ òkè tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe àmì ìdí ìgò nínú eruku.

"Mo ti ṣí i," ni Ràbíátù wí.